Àṣìṣe: Àṣeyọrí

Ní Tartu, odò ti dì, àwọn ọmọdé ń sá kọjá lórí rẹ̀.
Aago mẹ́ta ọ̀sán péré, ilẹ̀ ti ń ṣú.
Virve Kallaste jókòó ti kọ̀ǹpútà,
ìbọ̀sẹ̀ méjì méjì lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan,
ó ń ka lẹ́tà Aadu láti erékùṣù Ruhnu:

"Àràárọ̀ ni mo ń wọn yìnyín etíkun.
Mo ní kí ẹ̀rọ bá mi fi pa mọ́, kò fi pa mọ́.
Mo bi í pé kí ló ṣe é, ó ní:
Àṣìṣe: Àṣeyọrí.
Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n gbà gbọ́ nínú méjèèjì?"

Virve rẹ́rìn-ín.
Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́,
torí ọwọ́ ara rẹ̀ ló kọ ibẹ̀ yẹn
lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn,
nínú àká tí wọ́n bá èdè náà bí,
tí gbogbo ẹni tó ń sọ ọ́ ń bù nínú rẹ̀
láìbéèrè ẹni tó kó o jọ.

Ọ̀gá tó ń gbé ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ kì í sọ̀rọ̀.
Bẹ̀ ẹ́ ní ohun tí kò ṣeé ṣe,
nọ́ńbà ni yóò kọ sójú wàláà kékeré,
yóò sì kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀.
Èjì: ohun tí o ń wá kò sí níbẹ̀.
Ẹ̀tàlá: ó wà níbẹ̀, kì í ṣe fún ọ.
Ẹ̀rin: ẹnìkan já lu ọ̀rọ̀ wa, tún un sọ.
Ọ̀kànlá: kò tíì yá, padà wá.
Lórí ẹ̀rọ elòmíràn, ẹ̀tàlá yìí kan náà,
àárùn-ún ni wọ́n ń pè é.

Wàláà kan ṣoṣo ni.
Ẹni tó bá tún ké sí ọ̀gá lẹ́yìn rẹ
lè kọ tirẹ̀ lé tìrẹ lórí;
àní ẹni tí tirẹ̀ yọrí sí rere
lè fi apá aṣọ nù ún kọjá.

Virve wá a títí ilẹ̀ fi ṣú tán.
Ó rí i. Ìlà kan:
*ti fáìlì náà.*
Ó ti fẹ́ ṣe ọmọlúàbí nígbà náà,
kí a pa ilẹ̀kùn dé ká tó ròyìn àjálù.
Àṣé ilẹ̀kùn tó ń pa dé ló ń nu wàláà,
àṣé ẹni tó ní òun ń tún ilé ṣe
ló gbá ẹ̀rí dànù.

Ó gbé ìlà kejì sókè, ó gbé ti àkọ́kọ́ wálẹ̀:
ka nọ́ńbà ná, lẹ́yìn náà kí o tó ti fáìlì.
Ìyẹn nìkan.
Ó kọ ọ̀rọ̀ sórí wọn fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn:
"Má fi ohunkóhun sáàárín méjèèjì yìí,
ì báà ṣe ẹ ṣeun."

Lọ́jọ́ kẹta, Aadu fèsì.
"Ẹ̀rọ ti là á mọ́lẹ̀. Ó ní èjìdínlọ́gbọ̀n: ilé kún.
Mo yẹ̀ ẹ́ wò, àwòrán ajá mi ló kún un.
Mo ti pa díẹ̀ rẹ́, ajá náà ń wò mí."

Virve béèrè àwọn ọjọ́ mẹ́rìnlá tó ti sọnù,
bóyá ó ṣì rántí bí yìnyín ti nípọn tó,
kí wọ́n lè dí àlàfo náà.

Aadu ní: "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan wà,
ó nípọn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi, ìyẹn dá mi lójú.
Àwọn tó kù ti yọ́ lọ.
Ẹ má kọ òdo síbẹ̀.
Ẹ kọ ọ́ pé a kò mọ̀."